Oúnjẹ, abẹ́rẹ́ tàbí iṣẹ́ abẹ: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ dín sísanra jọ̀kọ̀tọ̀ kù

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìwádìí ìṣègùn ti dán wò dáadáa fún ẹni tó sanra jọ̀kọ̀tọ̀: kó yí oúnjẹ àti ìgbé ayé rẹ̀ padà, kó lo oògùn, tàbí kó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń béèrè ni pé kílò mélòó ni yóò lọ. Èmi ò rò pé ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa ń dùn ún wò ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Láti ọdún kejì lọ la ti ń mọ èyí tó fìdí múlẹ̀. Ohun méjì ni mo fi wọ̀n wọ́n níhìn-ín: ṣé ohun téèyàn lè máa bá lọ ni, àìsàn wo ló sì ń gbà lára ẹni?

## Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ìsanra tó jẹ́

BMI ni òṣùwọ̀n tí gbogbo ayé ń lò. Ẹ fi gíga yín ní mítà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ wá fi èsì rẹ̀ pín ìwọ̀n yín ní kílò. Ẹni tó ga ní mítà 1.70, tó sì wọn kílò 90, yóò rí 31. Láti 25 lọ sókè ni wọ́n ń pè ní àsanjù, láti 30 ni sísanra jọ̀kọ̀tọ̀, láti 40 ló sì ti le gan-an. Òun ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣírò rẹ̀ pé ní 2022, èèyàn tó lé ní bílíọ̀nù kan ló sanra jọ̀kọ̀tọ̀, ìyẹn ẹnì kan nínú mẹ́jọ láyé. Mílíọ̀nù 890 nínú wọn jẹ́ àgbàlagbà. Láti 1990, ìdá àwọn àgbàlagbà tó wà ní ipò yìí ti ju ìlọ́po méjì lọ, ti àwọn ọmọ ọdún 5 sí 19 sì ti di ìlọ́po mẹ́rin.

Fún kíka ogunlọ́gọ̀ èèyàn, BMI tó. Fún ẹnì kan ṣoṣo tó jókòó níwájú dókítà, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Adolphe Quetelet, ọmọ Bẹ́líjíọ̀mù tó ronú ìṣirò náà láàárín àwọn ọdún 1830, kì í ṣe dókítà. Onímọ̀ ìṣirò àti ìràwọ̀ ni, bí ìwọ̀n ara ṣe pín láàárín àwùjọ ló ń wá. Ọdún 1972 ni Ancel Keys, onímọ̀ ìṣiṣẹ́ ara ọmọ Amẹ́ríkà, tó sọ ọ́ ní BMI. Òṣùwọ̀n náà kò mọ iṣan yàtọ̀ sí ọ̀rá, kò sì mọ ibi tí ọ̀rá jókòó sí. Bẹ́ẹ̀, ibi tó jókòó sí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀rá itan àti ìdí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe èèyàn ní jàǹbá. Èyí tó rọ̀gbà yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká ló ń ti èèyàn sínú àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọkàn. Àwọn ará Éṣíà tilẹ̀ máa ń kó sí àtọ̀gbẹ nígbà tí BMI wọn ṣì kéré, ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà ibẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ra láti 23.

Nítorí náà, ẹ fi tẹ́ẹ̀pù kún un. Ẹ wọn ikùn yín yíká, lókè egungun ìbàdí díẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti mí síta. Kò yẹ kó tó ìdajì gíga yín. Ẹni tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 170 tí ikùn rẹ̀ jẹ́ 105 ti wà nínú ewu, kódà bí BMI rẹ̀ kò bá tó 30.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan tí ìwé ìwádìí The Lancet Diabetes & Endocrinology gbé kalẹ̀ dábàá pé kí a pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì: ìsanra tó ti ń ba ẹ̀yà ara jẹ́, àti èyí tí kò tíì ba nǹkan kan jẹ́. Àwọn kan ń jiyàn lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi, kò sí ìpín tó wúlò tó o fún ẹni tó ń yan ìtọ́jú. Bí orúnkún bá ti ń dun èèyàn débi tí kò lè rìn, tí èémí ń dá lójú oorun, tí ọ̀rá ti kún ẹ̀dọ̀, tàbí tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ti ga, ìtọ́jú ti di dandan nìyẹn. Ẹni tí kò tíì ní ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí ní àyè láti fara balẹ̀. Àyè yẹn kò lọ títí o: ní 2016, ẹ̀ka ìwádìí jẹjẹrẹ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka oríṣi jẹjẹrẹ 13 tí ọ̀rá àpọ̀jù ń dá kún, lára wọn ni ti ìfun ńlá, ti kíndìnrín, ti ilé ọmọ, àti ti ọmú lára obìnrin tó ti dẹ́kun nǹkan oṣù.

## Ìdí tí kílò tó lọ fi ń padà

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀, torí ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ yóò máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi lásán.

Ìwádìí lórí àwọn ìbejì, títí kan àwọn tí wọ́n tọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, fi hàn pé àbùdá tí a jogún ló wà nídìí nǹkan bí ìdá 40 sí 70 nínú 100 lára ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwọ̀n ẹnì kan sí ti ẹlòmíràn. Ní 1994, Jeffrey Friedman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York rí àbùdá tó ń ṣe leptin, họ́mọ̀nù tí ọ̀rá fúnra rẹ̀ fi ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé oúnjẹ wà nípamọ́. Lọ́dún 1999, àwọn ará Japan rí ghrelin, èyí tí àpòlúkù ń tú jáde tí ebi bá ń pani. Bí èèyàn bá gbẹ, leptin á wálẹ̀, ghrelin á gòkè, ebi á sì máa pa á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn olùwádìí ní Ọsirélíà tọpa èèyàn 50 tó fọn nípa dídín oúnjẹ kù gidigidi. Lẹ́yìn ọdún kan gbáko, àwọn họ́mọ̀nù náà kò tíì padà sípò. Ní 2016, ìwádìí mìíràn yẹ èèyàn 14 wò tó ti kópa nínú ìdíje ẹni-tó-máa-fọn-jù lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà. Ọdún mẹ́fà ti kọjá, ọ̀pọ̀ jù lọ kílò tí wọ́n sọ nù ti padà, síbẹ̀ ara wọn ń jó nǹkan bíi kálórì 500 dín sí ohun tó yẹ kó máa jó lójúmọ́. Bí rọ́bà tí a fà ni ara rí: bó bá ṣe gùn tó ló ṣe ń fẹ́ padà tó.

Àbùdá wa kò yí padà láti 1990 ṣá. Àyíká ló yí padà. Lọ́dún 2019, Kevin Hall àti ikọ̀ rẹ̀ ní ilé ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà gba èèyàn 20 sílé ìwòsàn fún oṣù kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi jẹ oúnjẹ tí iléeṣẹ́ ti ṣe àṣetúnṣe sí gan-an, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi jẹ èyí tí a sè látinú èròjà tí kò tíì kọjá ní iléeṣẹ́. Kálórì, ṣúgà, ọ̀rá àti iyọ̀ tí wọ́n gbé síwájú wọn dọ́gba, wọ́n sì ní kí kálukú jẹ bó ṣe wù ú. Nígbà tó jẹ́ ti iléeṣẹ́, wọ́n fi nǹkan bíi kálórì 500 jẹ ju ti èkejì lọ lójúmọ́, ìwọ̀n wọn sì lé sí i. Nígbà èkejì, wọ́n fọn. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ àjẹjù.

Ẹ tún wo àpò oògùn yín. Insulin, oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù, valproate tí wọ́n ń lò fún wárápá, àti olanzapine tí wọ́n ń lò fún àìsàn ọpọlọ lè mú èèyàn sanra. Nígbà mìíràn, kí dókítà pààrọ̀ oògùn kan ṣoṣo ti tó ìtọ́jú. (Ẹ má dá a dúró fúnra yín o.)

## Oúnjẹ àti ìgbé ayé

Ohun tí mo máa kọ́kọ́ sọ lè ya àwọn kan lẹ́nu: irú oúnjẹ tí ẹ yàn kò ní ìyàtọ̀ tó bí àwọn tó ń ta ìwé rẹ̀ ṣe ń pariwo. Ní Yunifásítì Stanford, wọ́n pín èèyàn 609 sí méjì, ìdajì dín ọ̀rá kù, ìdajì dín oúnjẹ afúnnilókun kù, fún oṣù 12. Èsì wọn tí wọ́n jáde ní 2018 ni pé àwọn kan fi kílò 5.3 fọn, àwọn kejì fi 6.0, kò sí ìyàtọ̀ gidi. Ọ̀rọ̀ àwẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Guangzhou ní Ṣáínà, wọ́n ní kí apá kan jẹun láàárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nìkan, kí apá kejì jẹ kálórì kan náà nígbà tó bá wù wọ́n. Lẹ́yìn ọdún kan, wọn kò fi nǹkan pàtàkì ju ara wọn lọ. Nítorí náà, èyí tí ẹ lè máa jẹ lọ láìsí ìpọ́njú ni kí ẹ mú.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti ta yọ ni àtọ̀gbẹ. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2002, fi èèyàn 3,234 tó ti ń sún mọ́ àtọ̀gbẹ ṣe. Àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ láti dín ìwọ̀n wọn kù ní ìdá 7 nínú 100, tí wọ́n sì ń lo ara fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, dín ewu àtọ̀gbẹ kù ní ìdá 58 nínú 100. Àwọn tó lo metformin, oògùn àtọ̀gbẹ kan, dín in kù ní ìdá 31. Ní Britain, ìwádìí DiRECT fi oúnjẹ olómi tí kò ju nǹkan bíi kálórì 850 lọ lójúmọ́ bọ́ àwọn alátọ̀gbẹ fún oṣù mẹ́ta sí márùn-ún. Lẹ́yìn ọdún kan, ìdá 46 nínú 100 kò lo oògùn àtọ̀gbẹ mọ́, ṣúgà wọn sì wà ní ipò tó yẹ. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó ti wálẹ̀ sí ìdá 36. Ẹni tí àtọ̀gbẹ rẹ̀ kò tíì pẹ́ kò gbọ́dọ̀ fojú di ọ̀nà yìí.

Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni ọkàn. Nínú ìwádìí Look AHEAD, tó fi alátọ̀gbẹ 5,145 ṣe, ìtọ́jú oúnjẹ àti eré ìdárayá gbà kílò lára wọn, ó mú kí wọ́n máa sùn dáadáa, ó dín oògùn wọn kù, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún tó lé ní mẹ́sàn-án, àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kò dín kù lọ́dọ̀ wọn ju ti àwọn yòókù lọ.

Eré ìdárayá nìkan kì í yọ kílò púpọ̀. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kí ó má jẹ́ kí èyí tó ti lọ padà, kí iṣan má sì bá ọ̀rá lọ. Ẹni tó bá ń lo abẹ́rẹ́ tàbí tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà kò lè ṣe é láìsí i.

## Oògùn

Ìtàn oògùn ìsanra kò mọ́ tónítóní. Wọ́n gba fenfluramine kúrò lọ́jà ní 1997 torí ó ń ba ẹ̀yà ọkàn jẹ́, sibutramine ní 2010 torí ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀, lorcaserin ní 2020 torí jẹjẹrẹ. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì sí èyí tuntun kò jayò pa. Orlistat ṣì wà, ó sì ń dènà nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀rá inú oúnjẹ kí ara má gbà á. Ìgbẹ́ olóròóró rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí èèyàn bá a lọ, kílò tó ń yọ kò sì pọ̀.

Àwọn tuntun, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ abẹ́rẹ́, ń ṣe bíi GLP-1, họ́mọ̀nù tí ìfun ń tú jáde lẹ́yìn oúnjẹ láti sọ fún ọpọlọ pé ó tó. Látinú itọ́ olóró alángbá kan ní aginjù Amẹ́ríkà, Gila monster, ni wọ́n ti rí èròjà tó di àkọ́kọ́ nínú wọn, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí fún àtọ̀gbẹ ní 2005. Méjì ló gbajúmọ̀ báyìí. Semaglutide ni wọ́n ń tà ní Ozempic fún àtọ̀gbẹ àti Wegovy fún ìsanra. Tirzepatide ni Mounjaro àti Zepbound. Èkejì ń ṣiṣẹ́ lórí họ́mọ̀nù méjì, GLP-1 àti GIP.

Bí a bá fi wọ́n síra, tirzepatide ló ń yọ kílò jù. Ní 2021, àwọn tó lo semaglutide fún ọ̀sẹ̀ 68 sọ ìdá 14.9 nínú 100 ìwọ̀n wọn nù, àwọn tí wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ lásán sọ 2.4 nù. Ìwọ̀n tirzepatide tó ga jù yọ ìdá 20.9 ní ọ̀sẹ̀ 72. Nígbà tí wọ́n wá fi méjèèjì díje lójúkojú, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2025, ó jẹ́ 20.2 sí 13.7. Síbẹ̀, bí ọkàn bá ni ìṣòro yín, semaglutide ni mo máa kọ́kọ́ bi dókítà léèrè, torí òun ló ní ẹ̀rí ìwádìí SELECT: láàárín èèyàn 17,604 tí àrùn ọkàn ti mú tẹ́lẹ̀, tí wọn kò ní àtọ̀gbẹ, ó dín ikú ọkàn, ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kù ní ìdá 20 nínú 100. Fún ẹni tí èémí ń dá lójú oorun, tirzepatide ló ní ìwádìí tó dáa, èyí tó jáde ní 2024.

Èébì, ìrìndọ̀, ìgbẹ́ gbuuru àti àìrígbẹ́ yà ló wọ́pọ̀ jù, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń fi ìwọ̀n oògùn kún. Òkúta inú òróòro lè wáyé. Ẹni tí jẹjẹrẹ ọrùn irú tí wọ́n ń pè ní medullary thyroid bá wà nínú ìdílé rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lò ó, aboyún kò gbọ́dọ̀ lò ó, obìnrin tó ń wá oyún sì ní láti dá semaglutide dúró ní oṣù méjì ó kéré tán ṣáájú. Tirzepatide lè dín agbára oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí a ń gbé mì kù, ohun tí ọ̀pọ̀ kì í sọ fún aláìsàn.

Kókó tó ṣe pàtàkì jù rèé: bí ẹ bá dá a dúró, ó ń padà. Àwọn tó jáwọ́ nínú semaglutide rí ìdá méjì nínú mẹ́ta kílò wọn padà láàárín ọdún kan. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ní ká a láti máa rà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó ro ó dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀. Kó má sì lọ wá ọjà olówó pọ́ọ́kú lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ní oṣù Kẹfà 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ nípa ayédèrú semaglutide tí wọ́n rí ní orílẹ̀-èdè mélòó kan.

## Iṣẹ́ abẹ

Méjì ló wọ́pọ̀. Nínú sleeve, wọ́n ń gé nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 àpòlúkù kúrò. Nínú bypass, wọ́n ń dá àpò kékeré kan sílẹ̀ lókè àpòlúkù, wọ́n á so ó mọ́ ìfun kékeré kí oúnjẹ lè fo apá kan. Kì í ṣe pé àyè oúnjẹ dín kù nìkan. Àwọn họ́mọ̀nù ìfun náà yí padà, ìdí nìyẹn tí ṣúgà fi máa ń wálẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí kílò tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Kò sí èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ pẹ́ tó ti iṣẹ́ abẹ. Àwọn ará Sweden bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa èèyàn tó lé ní 4,000 láti 1987, ìdajì ṣe iṣẹ́ abẹ, ìdajì kò ṣe é. Àwọn tó ṣe bypass ṣì fi ìdá 25 nínú 100 fúyẹ́ ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ikú dín kù láàárín àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ, ìṣirò tó jáde ní 2020 sì fi hàn pé ẹ̀mí wọn gùn ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta ju ti àwọn yòókù lọ. Ewu ikú nínú iṣẹ́ abẹ náà fúnra rẹ̀ kò pọ̀ lónìí. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é déédéé, ó sún mọ́ ẹnì kan nínú 1,000.

Bí ẹ bá ń yàn láàárín méjèèjì, ẹ bi ọ̀nà ọ̀fun yín léèrè. Ẹni tí oúnjẹ kíkan máa ń ru sókè sí láyà, sleeve kì í bá a lára mu. Ní Finland, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ìdá 31 nínú 100 àwọn tó ṣe sleeve ni ọ̀nà ọ̀fun wọn ti bó, ìdá 7 péré lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe bypass. Àmọ́ bypass ń fẹ́ fítámì B12, áyọ́ọ̀nù, kálíṣíọ̀mù àti fítámì D títí ọjọ́ ayé, ọtí sì máa ń yára pa èèyàn lẹ́yìn rẹ̀ débi pé ó lè di bárakú. Ẹni tó mọ̀ pé òun kì í rántí lo oògùn déédéé, kó sọ ọ́ síta.

Láti 1991, BMI 40, tàbí 35 pẹ̀lú àìsàn, ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó gbà. Ní 2022, àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ abẹ ìsanra lágbàáyé mú un wálẹ̀ sí 35, àìsàn wà o, kò sí o, àti 30 fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ.

## Ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn

| | Oúnjẹ àti ìgbé ayé | Abẹ́rẹ́ tuntun | Iṣẹ́ abẹ |
|---|---|---|---|
| Ìwọ̀n tó máa ń lọ | 5–9% lọ́dún kìíní | nǹkan bíi 14–21% | 25–32% |
| Lẹ́yìn ìgbà náà | púpọ̀ ń padà díẹ̀díẹ̀ | ó ń dúró bí a bá ń lò ó | díẹ̀ ń padà, púpọ̀ ń dúró |
| Ẹ̀rí tó lágbára jù | dídènà àtọ̀gbẹ | ọkàn, oorun | àtọ̀gbẹ, ẹ̀mí gígùn |
| Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni | àkókò, sùúrù | owó, inú ríru | fítámì títí ayé |

## Ta ló yẹ kó mú èwo

BMI 31, ikùn tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, ẹ̀jẹ̀ tó dáa: oúnjẹ àti ìrìn, kí ẹ sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́dọọdún. Èmi ò rí ìdí abẹ́rẹ́ níbẹ̀.

Àtọ̀gbẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta: kí ẹ kọ́kọ́ béèrè irú ìtọ́jú DiRECT, ṣùgbọ́n lábẹ́ ojú dókítà, torí oògùn ṣúgà àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ wálẹ̀ bí kílò bá ṣe ń lọ. Ìkọlù ọkàn ti ṣẹlẹ̀ rí: semaglutide. BMI tó ti kọjá 40, tí àtọ̀gbẹ ti gbilẹ̀, tí orúnkún ti kọ̀: ẹ má fi ọdún púpọ̀ ṣòfò lórí dídán-ín-wò, ẹ lọ bá oníṣẹ́ abẹ sọ̀rọ̀, bí ẹ bá tilẹ̀ máa padà mú abẹ́rẹ́. Ẹni tó ti lé ní ọmọ ọdún 65 gbọ́dọ̀ ṣọ́ iṣan rẹ̀ ju kílò rẹ̀ lọ, kó máa jẹ purotéènì tó tó, kó sì máa gbé nǹkan wúwo díẹ̀, ọ̀nà yòówù kó mú.

Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sì í bá ara wọn jà. Ọ̀pọ̀ dókítà ti ń fún àwọn tí kílò wọn ń padà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ní abẹ́rẹ́. Bí ẹ bá ti ń lo abẹ́rẹ́, tí oṣù mẹ́fà ti pé lórí ìwọ̀n oògùn tó ga jù tí ara yín gbà, tí ẹ kò sì tíì sọ ìdá 5 nínú 100 nù, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà kí ẹ béèrè ohun tó kàn.